Iṣẹ́ Tí Ṣọ́jà Àtijọ́ Rán Mi

"Tún un sọ!"

Bàbá àgbàlagbà tó múlé tì wá ló di èjìká mi mú. Aṣọ wọn ń rùn fún ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ láti orí ọ̀pẹ. Nínú yàrá, ìyá mi wà lórí ẹní, ìyá àgbà sì ń nu ẹ̀jẹ̀. Bàbá mi wà lóko lọ́nà Ọ̀rà. Èmi, ọmọbìnrin ọdún mẹ́sàn-án, ni wọ́n fẹ́ rán sí nọ́ọ̀sì ní òdìkejì Ìlá.

"Oyún oṣù mẹ́jọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà, ẹ máa bọ̀ kíákíá."

"O fo nǹkan kan. Ìyá rẹ ní inú kò run òun rárá. Tún un sọ."

Ìyá àgbà figbe ta: "Ẹ jẹ́ kó máa lọ! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ mi kú ni?"

Bàbá ò mira. Nígbà ogun Bọ́mà, wáyà tẹlifóònù àwọn ṣọ́jà ni wọ́n ń bójú tó. Ọ̀gá òyìnbó yàn wọ́n nítorí pé ọmọ Ìlá tó ń fi igbà gun ọ̀pẹ láti kékeré kò ní í bẹ̀rù igi gíga. Ọjọ́ tí àdó olóró já wáyà, wọ́n gun igi lójú ìbọn, wọ́n so ó pọ̀. Wọ́n fi gba àmì ẹ̀yẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń yangàn ni pé iṣẹ́ kan ò gba ọwọ́ wọn kọjá rí láìjẹ́ pé ẹni tó gbọ́ ọ tún un sọ pátá. Àwa ọmọ àdúgbò ló ń jìyà rẹ̀. Iyọ̀ lásán ni kí wọ́n rán ọ rà, wàá tún un sọ.

Mo fi ẹkún tún un sọ, mo sì sáré.

Nọ́ọ̀sì ti gbé báàgì nígbà tí mo dé orí "inú kò run wọ́n." Wọ́n gbé e sílẹ̀.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìyá mi ló fẹnu ara wọn sọ ọ́."

"Tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dà láìsí inú rírun, àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ibi ọmọ ló dí ọ̀nà. Èyí kì í ṣe ti ìgbẹ̀bí nílé. Mọ́tò là ń wá."

Mọ́tò tíṣà kan la fi gbé ìyá mi lọ sí ọsibítù ńlá, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Dókítà ní ká ní wọ́n gbìyànjú àtigbẹ̀bí náà nílé ni, òkú méjì là bá sin.

Bàbá ṣọ́jà yẹn ti kú tipẹ́, mo sì fẹ́ràn wọn dòní. Ní Ìbàdàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tí mo rán níṣẹ́ tí n kì í ní kó tún un sọ. Wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, àbúrò mi tí wọ́n bí lọ́jọ́ náà ló sì le jù. Ewú ti wà lórí ẹ̀, ẹnu rẹ̀ ò dákẹ́. Mo máa ń jẹ́ kó rẹ́rìn-ín tẹ́rùn, torí pé ọ̀rọ̀ tí mo kọ́kọ́ fò yẹn, ẹ̀mí rẹ̀ ni.