Lẹ́ńsì Gbogbonìṣe Lórí Àpáta Olúmọ

Ọjọ́ tí lẹ́ńsì mi yí bọ́ sínú pàlàpálá àpáta Olúmọ, mo kàn jókòó sílẹ̀ ni, mo fọwọ́ lẹ́rán, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ró kàn-ìn, kàn-ìn, títí n kò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ọkùnrin tí mo fẹ́ ya òun àti ìyàwó rẹ̀ ní, “Pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí Fọ́tò.” Ó yọ fóònù rẹ̀ jáde, ó gbé e fún ẹni tó ń kọjá lọ, onítọ̀hún sì yà wọ́n lójú ẹsẹ̀. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni náà, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ká má parọ́, ìyẹn dùn mí ju lẹ́ńsì lọ.

Orí àpáta yẹn ni mo ti ń jẹun. Àwọn tó bá wá ṣe àbẹ̀wò ni mo máa ń yà pẹ̀lú ìlú Abẹ́òkúta lẹ́yìn wọn, tí mo sì máa ń tẹ fọ́tò náà fún wọn kí wọ́n tó kúrò ní ìlú. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, èèyàn máa ń tò dè mí. Nígbà tí fóònù olójú mẹ́ta wá dé, ó di pé kí wọ́n máa kí mi, “Àǹtí Fọ́tò, ẹ kú iṣẹ́ o,” kí wọ́n sì kọjá. Iṣẹ́ wo? Ìjókòó ni mo jókòó!

Lẹ́ńsì méjì ni mo ní tẹ́lẹ̀. Kúkúrú ń rí ibi tó fẹ̀, òun ni mo fi ń ya èèyàn àti ìlú pọ̀. Gígùn ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ni. Tí mo bá fẹ́ lo èkejì, mo ní láti yọ ti àkọ́kọ́ kúrò lẹ́nu kámẹ́rà. Ẹ wá wo orí àpáta nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn ń gbé gèlè lọ lórí èèyàn, kí ẹ máa wá ibi tó tẹ́jú tí ẹ ó gbé lẹ́ńsì sí. Eruku á wọ inú kámẹ́rà, á di tóótòòtó dúdú lójú ọ̀run nínú gbogbo fọ́tò. Ọjọ́ tí mo ń wí yìí, mo ń sá fún eruku ni mo yí ẹ̀yìn sí atẹ́gùn, bí gígùn ṣe yí lọ nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ti bá mi rí iṣẹ́ sí ilé iṣẹ́ kan ní Kọ́bapẹ́. Kí n jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kí n máa kọ orúkọ àwọn tó ń wọlé, kí owó oṣù sì máa wọlé. Iṣẹ́ gidi ni, n kò lè fi ṣe yẹ̀yẹ́. Bàbá Tọ́mi, ọkọ mi, tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó láràárọ̀, ò dá sí i. Ó ní, “Ìwọ lo mọ èyí tó bá ọ lára mu.” Mo ní kí wọ́n fún mi láyè títí oṣù fi máa parí. Tí n kò bá rí ohun kan tí mo lè ṣe lórí àpáta yẹn tí fóònù ò lè ṣe, màá wọ mọ́tò Kọ́bapẹ́ ní Mọ́ńdè tó bẹ̀rẹ̀ oṣù tuntun, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀.

Mo gba ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Ṣódípọ̀ lọ. Àwọn ló kọ́ mi níṣẹ́ ní Ìjẹmọ̀, kí ojú tó ń dùn wọ́n tó mú wọn ti ṣọ́ọ̀bù pa. Mo sọ fún wọn pé lẹ́ńsì kan ṣoṣo ni mo fẹ́ rà báyìí, èyí tó ń ṣe kúkúrú tó sì ń ṣe gígùn, tí n kò ní yọ kúrò lẹ́nu kámẹ́rà mọ́.

“Gbogbonìṣe!” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. “Bí àgbo tí wọ́n ń polówó nínú mọ́tò! Ó ń wo ibà, ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ó ń wo jẹ̀díjẹ̀dí! Folúkẹ́, ṣé ohun tí mo kọ́ ẹ nìyẹn?”

“Ọ̀gá, ẹ má bínú, sà.”

“Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé lára ẹ̀ ò fẹ̀. Tó bá di inú ṣọ́ọ̀ṣì nírọ̀lẹ́, ojú ẹ̀ á ṣú bíi tèmi yìí.”

“N kì í ya fọ́tò nínú ṣọ́ọ̀ṣì, sà. Orí àpáta ni mo wà. Oòrùn ò wọ́n wa níbẹ̀.”

Wọ́n ń fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n bá wọn mú bàtà wọn.

Ní Pánṣẹ́kẹ́, ọmọkùnrin tó ń ta kámẹ́rà tòkunbọ̀ kó lẹ́ńsì mẹ́ta síwájú wa. Ó ń pariwo pé ọ̀kan nínú wọn ń mú oṣùpá. “Ta ló ń lọ sóṣùpá?” Ọ̀gá bi í. “Gba tọ́ọ̀ṣì fún mi.” Wọ́n ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì sínú èyí àkọ́kọ́, kí n sọ ohun tí mo rí. Mo rí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú aláǹtakùn nínú gíláàsì rẹ̀. Olú ló ti hù síbẹ̀, bó ṣe ń hù sára búrẹ́dì tó bá ti pẹ́. Wọ́n tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Wọ́n ní kí n na ẹnu èkejì sílẹ̀. Bí mo ṣe dorí rẹ̀ kodò, ó yọ ọrùn fúnra rẹ̀, ṣùùù, ó gùn dé òpin. “Ó ti rẹ èyí,” ni wọ́n wí. “Tó o bá gbé e kọ́rùn, á máa na ara ẹ̀ bó ṣe wù ú.”

Ẹ̀kẹta ti ha lára burúkú burúkú. Wọ́n ní kí n jáde sẹ́nu ọ̀nà, kí n ya pátákó ilé epo tó wà lódìkejì títì, kí n yà á ní fífẹ̀, kí n fà á dé òpin, kí n yà á, kí n wá fi gbogbo igun fọ́tò náà hàn wọ́n. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú tó ń dùn wọ́n yẹn títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan kámẹ́rà. Ní fífẹ̀, etí pátákó tẹ̀ díẹ̀. Ní òpin, igun fọ́tò rọ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n a ń ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀.

“Gbogbo wọn ló ń ṣe báyìí,” Ọ̀gá wí. “Mú èyí. Ara ló ha, ojú ẹ̀ mọ́.”

Lọ́jọ́ kejì ni ìyàwó wọn gbé ìrọ̀rí kékeré kan wá sílé mi, ẹ̀wà ló kún inú rẹ̀. Ọ̀gá ló rán wọn. Wọ́n ní tí mo bá fa lẹ́ńsì tí mo rà dé òpin, èémí mi lásán tó láti mì í, nítorí náà kí n gbé ìrọ̀rí ẹ̀wà lé orí òkúta, kí n gbé lẹ́ńsì lé ìrọ̀rí, kí n tó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó fi mí ṣẹ̀sín lánàá ló jókòó ti ìyàwó ẹ̀ tó fi rán àpò fún mi. Mo kúnlẹ̀ dúpẹ́ níbi tí mo wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò rí mi.

Ìparí oṣù ti ń sún mọ́ nígbà tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Bísọ́lá wá bá mi lórí àpáta. Òkè òkun ló ń gbé, ó wá kí ìyá rẹ̀ ni.

“Ọmọ ibo ni yín?” Ẹ̀gbá méjì ò lè pàdé kí wọ́n máà bi ara wọn.

“Ìtòkò. Ilé wa ló wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún.” Ó nawọ́ sí àárín òrùlé páànù tó ti pọ́n lọ rẹrẹ. “Àǹtí, mo fẹ́ kí èmi àti Màámi àti ìlú yìí wà nínú fọ́tò kan. Ẹsẹ̀ wọn ò lè gun òkè mọ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gba lífítì, wọ́n ní àwọn ò ní wọ inú àpótí irin nígbà tí àwọn ò tíì kú. Mo gbìyànjú ẹ̀ pẹ̀lú fóònù mi, bàìbàì lásán ló mú.”

 Ohun tí mo ti ń wá rèé. Mo ní kó wá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kí eruku ọyẹ́ tó gbéra nílẹ̀, kí Màmá sì sá aṣọ funfun kan síwájú ilé ká lè fi mọ̀ ọ́n.

Ẹ ò rí i pé mi ò ronú! Sátidé ni ọjọ́ kejì. Nígbà tá a dé òkè, gbogbo Ìtòkò ló ti fọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì sá. Funfun níhìn-ín, funfun lọ́hùn-ún. Bísọ́lá bú sẹ́rìn-ín, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, ó gbé ohùn fóònù náà sókè kí n lè gbọ́.

“Ṣé ẹ ti rí mi?” Màmá bèèrè.

“A ò tíì rí yín, Màámi.”

“Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ igi àgbálùmọ̀.”

“Màámi, mi ò rí igi àgbálùmọ̀ kankan.”

“Báwo lo ṣe máa rí i? Wọ́n ti gé e.”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú mi ò balẹ̀. Oòrùn ti ń gòkè, eruku ti ń dìde láti ọ̀nà Ìtórí, ìlú ti ń di bàìbàì. Tí eruku bá fi lè bo ìlú mọ́ wa lójú báyìí, ó di Kọ́bapẹ́ nìyẹn. Màmá ti ń bínú lórí fóònù. “Kí lẹ tiẹ̀ ń wò lókè yẹn? Ẹ dúró dè mí!”

Lójijì, nínú fífẹ̀ lẹ́ńsì, mo rí àwọ̀ kan tó là láàárín òrùlé: pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ojú ọ̀run. Agboòrùn ńlá! Mo ní, “Mo ti rí wọn!” Mo gbé lẹ́ńsì lé ìrọ̀rí ẹ̀wà, mo ń fà á, mo ń fà á, n kò mú ojú kúrò. Ká ní lẹ́ńsì méjì àtijọ́ ni, ìgbà tí n bá fi yọ ọ̀kan tí n bá fi ki ìkejì bọ̀ ọ́, Màmá ti wọlé lọ nìyẹn, torí wọn ò dúró lójú kan. Mo fà á dé òpin, agboòrùn sì kún ojú mi. Agboòrùn nìkan.

“Màámi, ẹ gbé agboòrùn kúrò lórí!” Bísọ́lá kígbe.

“Oòrùn ńkọ́?”

“Ẹ jọ̀ọ́, Màámi!”

Agboòrùn ṣí kúrò. Obìnrin arúgbó kan fọwọ́ bo iwájú orí, ó gbójú sókè sí àpáta, ó ń wá ọmọ rẹ̀. Mo di èémí mú, mo tẹ̀ ẹ́. Mo fa lẹ́ńsì padà dé àárín, gbogbo àgbàlá wọlé, mo tẹ̀ ẹ́. Mo fà á padà dé ìbẹ̀rẹ̀, mo ní kí Bísọ́lá dúró síwájú mi, ìlú sì tẹ́ lọ lẹ́yìn rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ mi ò kúrò níbi tó wà. Nígbà tí mo fi èyí àkọ́kọ́ han Bísọ́lá, ojú ìyá rẹ̀ ò ju èékánná lọ, igun fọ́tò sì rọ̀ bí Ọ̀gá ṣe wí, ṣùgbọ́n ojú ìyá rẹ̀ ni. Ó gbá mi mọ́ra tipẹ́tipẹ́. Orí mi wú.

Mo tẹ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sórí bébà ńlá kan, mo gbé e lọ sí Ìtòkò lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nígbà tá a ti ìsìn dé. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Bísọ́lá máa padà, ilẹ̀ tó bá mọ́ sì ni Mọ́ńdè Kọ́bapẹ́.

Màmá gbé fọ́tò lé itan. “Òrùlé ilé mi rèé? Látìgbà tí mo ti wọ ibí níyàwó, mi ò rí orí ẹ̀ rí.” Wọ́n ń fi ìka tọ ọ́ lọ. Ìka wọn dúró lórí ohun funfun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ibi tí àwọn fúnra wọn dúró sí. N kò tilẹ̀ ṣàkíyèsí rẹ̀ nígbà tí mo ń yà á. Táìlì ojú oórì ni.

“Bàbá yín rèé, Bísọ́lá. Ìwọ tó ò ráyè wálé nígbà tá a sin wọ́n. Gbogbo wa la wà níbí.”

 Omi ń dà lójú Bísọ́lá. Èmi náà ń wo ilẹ̀.

Màmá kọjú sí mi. “Tí èmi náà bá lọ dùbúlẹ̀ tì wọ́n, tí ọmọ mi bá wá gun òkè yẹn, ṣé ẹ ó yà wá fún un?”

“Màá yà yín fún wọn, mà.”

Ó ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí Kọ́bapẹ́. Mo tọrọ gáfárà, mo bọ́ síta, mo pe Bàbá Tọ́mi.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dáadáa. Mi ò ní lè lọ síbi iṣẹ́ yẹn lọ́la.”

“Mo ti bá ẹ bẹ̀ wọ́n.”

“Ìgbà wo?”

“Àná. O ti orí àpáta dé, ò ń dá rẹ́rìn-ín, o kọjá lára mi ní pálọ̀, o ò rí mi. Mo bọ́ sẹ́yìnkùlé, mo pè wọ́n.”