Mítà Kan Ààbọ̀

Ọdẹkúnlé oníṣu ní Ajílété kò fojú kan òkun rí, òun náà ló wá di ẹni tó ń yan ọjọ́ tí ìyá rẹ̀ máa wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ ò rí i pé ayé yìí le?

Kùtọ̀nù ni Màmá wà. Ó lọ bá Nímọ́tà ọmọ rẹ̀ tọ́jú ìkókó níbẹ̀, àfi bí ìjọba ṣe ti ẹnubodè pa mọ́ ọn. Bàbá wá dùbúlẹ̀ àìsàn ní Ajílété. Kò bèèrè oúnjẹ, kò bèèrè oògùn, ìyàwó rẹ̀ ló ń bèèrè. Àwọn tó ń gun ọ̀kadà gba inú igbó wọlé wà o, ṣùgbọ́n ìdí tó ń dun Màmá kò gba ọ̀kadà mọ́. Ojú òkun ló kù, láti Kùtọ̀nù dé Àgbádárìgì.

Ọdẹkúnlé ò fọwọ́ kékeré mú un. Lójoojúmọ́ ló ń tẹ́tí sí ìròyìn ojú ọjọ́ òkun lórí rédíò. Tí wọ́n bá ní ìgbì ga ní mítà méjì, á mi orí. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, wọ́n ní mítà kan ààbọ̀. Ó mú téèpù, ó wọ̀n ọ́n sára ògiri, ó fi ẹfun sàmì sí i: kò kọjá èjìká rẹ̀. Ó sì gbà pé òkè téńté ni wọ́n pè yẹn, torí lọ́jà Ajílété, iye tí ọlọ́jà bá kọ́kọ́ pè ló ga jù. Ìsàlẹ̀ la ń ná an lọ. Ta ni yóò sọ fún un pé òkun kì í ṣe ọjà? Ló bá pe Màmá.

"Ẹ máa bọ̀ lónìí, Màmá. Omi rọ̀."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, mà."

Lọ́sàn-án ni Azeezat, àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń kàwé ní Pólì Ìlaró, wọlé, tó rí àmì lára ògiri. Ọdẹkúnlé fi ẹ̀rín ṣàlàyé fún un. Azeezat ò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tó ga jù kọ́ ni wọ́n ń pè. Ká ní ẹ kó iṣu ọgbọ̀n sílẹ̀. Ẹ ṣa mẹ́wàá tó gùn jù, ẹ ro gígùn wọn pọ̀, ẹ pín in sọ́nà mẹ́wàá. Bí wọ́n ṣe ń ṣe ti ìgbì nìyẹn, láti ìsàlẹ̀ kòtò rẹ̀ dé orí rẹ̀."

"Èyí tó gùn jù nínú mẹ́wàá yẹn wá ńkọ́?"

"Ní ti ìgbì, ó lè tó ìlọ́po méjì iye tí wọ́n pè. Mítà mẹ́ta."

Ọdẹkúnlé gbójú sókè. Àjà ilé rẹ̀ gan-an kò tó mítà mẹ́ta. Ó pe fóònù Màmá, kò wọlé. Ó tún un pè, kò wọlé.

"Mo ti pa ìyá mi," ló ń wí ṣáá. "Ẹnu ara mi ni mo fi rán an lọ."

Ìrọ̀lẹ́ ni fóònù tó dún. Màmá ni. Ó ní iná ló tán lára fóònù òun. Òun dé etí òkun lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Òun kọ́kọ́ dúró wò ó. Ìgbì kékeré kọjá, kékeré kọjá, lọ̀kan bá gbérí tó bo ẹni tó nàró nínú ọkọ̀.

"Mo gbé báàgì mi, mo padà sílé. Má bínú, ọmọ mi."

Ta ní ń bínú? Ọdẹkúnlé sunkún bí ọmọdé. Ó nu ojú tán kó tó rántí ẹni tó ń dúró ní yàrá kejì. Ó lọ jókòó tì í.

"Bàbá, Màmá ò wọkọ̀ mọ́. Omi ga jù."

Arúgbó náà yíjú sí i.

"Ó ṣe dáadáa," ó wí. "Kó má kú nítorí mi. Màá dúró dè é."

Ó sì gbìyànjú, ó lo oṣù mélòó kan sí i. Nígbà tí wọ́n ṣí ẹnubodè lóṣù Ọ̀pẹ ọdún kejì, mọ́tò gbé Màmá dé iwájú ilé, Ọdẹkúnlé sì dì í lọ́wọ́ mú lọ sẹ́yìnkùlé, síbi tí wọ́n sin ọkọ rẹ̀ sí.