Fọ́nrán Òwú Kan láti Kétu dé Lọ́ńdọ̀nù

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo kúrò nílé mi ní Kétu, nínú oṣù kọkànlá. Mo ń lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ mú Kọ́lá àbúrò mi wálé. Ọdún mọ́kànlá ni kò fi tẹsẹ̀ bọ ilẹ̀ yìí. Ìyá wa ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ojú wọn ti di bàìbàì, ọ̀dọ̀ Fọlákẹ́ àbúrò wa obìnrin ni wọ́n wà ní Agboyi. Bí a bá pe Kọ́lá lórí fóònù, èsì kan náà ni: "Ó jìn, Àǹtí mi."

Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ ọmọ ní jọ́gíráfì. Mo fi fọ́nrán òwú wọn ọ̀nà náà nínú átíláàsì mi: bí ẹgbẹ̀rún márùn-ún kìlómítà, wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Mo ká òwú náà sínú báàgì.

"Mummy, Lọ́ńdọ̀nù!" ni awakọ̀ tó gbé mi lọ sí Ìkẹjà wí. "Ẹ má gbàgbé wa o."

"Ìwọ ṣáà wa mọ́tò. Ẹni tó gbàgbé ìyá rẹ̀ ni mo ń lọ bá."

Ó tẹná mọ́tò títí a fi dé pápákọ̀ òfuurufú.

Aago mọ́kànlá la gbéra. Ìrẹsì tí wọ́n bù fún wa lókè kò tó èyí tí à ń bù fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú. Aago mẹ́rin ààbọ̀ tiwọn la balẹ̀, ilẹ̀ sì ti ń ṣú, àfi bí ẹni pé oòrùn ń sá fún wọn. Nínú ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní tíúbù, mo kí ọkùnrin tó jókòó tì mí. Ó gbá báàgì rẹ̀ mọ́ra.

N kò tíì bọ́ kóòtù tí mo ti na òwú sórí tábìlì Kọ́lá. "Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Ibo ló jìn níbẹ̀?"

Ó fọwọ́ pa òwú náà lára. "Àǹtí mi, ẹ má bínú o. Ìgbà wo lẹ̀yin rí Màmá kẹ́yìn?"

Fọlákẹ́ ló ròyìn káàkiri pé ebi ni mo fi ń pa Màmá kí òun tó kó wọn lọ. Mo búra pé n kò ní tẹ ilé rẹ̀. Mílíìkì àti gaàrí ni mo ń fi rán àwọn ọlọ́kọ̀ sí wọn, ó di ọdún kejì. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni ọkọ̀ ojú omi ń rìn láti Kétu dé Agboyi.

"Ẹ fi òwú yẹn wọn Agboyi wò."

Agboyi kò sí nínú átíláàsì mi.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo lò. Ó ní òun á wálé ní Kérésì. Kérésì mọ́kànlá ni mo ti gbọ́.

Nígbà tí mo padà dé, n kò yà sílé. Tàpótí-tàpótí ni mo wọ ọkọ̀ ojú omi, ogójì náírà. Fọlákẹ́ dúró létí omi.

"Àǹtí, ẹ káàbọ̀. Ẹ kú ọ̀nà jíjìn o."

"Ẹnu rẹ kò tíì dín."

Ó gba àpótí lọ́wọ́ mi. Nínú yàrá, Màmá fọwọ́ wá ojú mi.

"Àbẹ̀kẹ́ ni, Màmá. Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti ń bọ̀."

"Lọ́ńdọ̀nù?" Wọ́n mí kanlẹ̀. "Abájọ. Èmi rò pé Kétu lo wà látọjọ́ yìí."