Agolo Mílíìkì Nílé Iwin

Ẹ bá mi kí oyè Ẹnjinníà. Oyè tí kò nílò ewé akòko, tí a kì í bá afọbajẹ sọ, tí kò sì ní ọjọ́ ìwúyè. Ní Àkúrẹ́ tí mo ń gbé, mo mọ ọkùnrin kan tó kọ ọ́ sára géètì, tó kọ ọ́ sínú káàdì ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀, tó sì ní kí àlùfáà máa fi ṣáájú orúkọ òun nínú àdúrà, kí Olúwa má baà ṣèèṣì bù kún ẹlòmíràn. Gílóòbù ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ti jó tipẹ́. Ó ń retí oníṣẹ́ iná.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò ní oyè kankan. Rédíò ló ń tún ṣe ní Oǹdó, nínú ìsọ̀ onípákó kan. Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn òjé tí iná ń yọ́, inú ìsọ̀ yẹn ni ọkàn mi máa ń lọ: àwọn rédíò tí wọ́n ṣí nídìí, tí gbogbo wọn ń sọ̀rọ̀ papọ̀, àti àwọn oníbàárà lórí bẹ́ńṣì, tí wọ́n ń jiyàn lórí ìròyìn. Nígbà tí fóònù dé, bẹ́ńṣì ṣófo.

Ìyá kan wà ládùúgbò náà tó dá ilé-ìwé sílẹ̀, Mọ́mì ni gbogbo ènìyàn ń pè é. Ó fẹ́ ṣe ọjọ́ eré fún àwọn ọmọ kí wọ́n tó gba ìsinmi Kérésì. Ó ti rí ilé iwin kan lókè òkun, ilé eré tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ọmọdé, níbi tí òkú ti ń dìde fúnra rẹ̀, irú rẹ̀ ló sì ń fẹ́. Ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹni tó bá ṣe é tó ṣiṣẹ́ ni òun máa fi ṣe olùkọ́ iṣẹ́ ọwọ́.

"Wọ́n á máa pè mí ní tíṣà," ó sọ fún mi lórí fóònù. Tíṣà ni bàbá wa títí ó fi kú. Mo mọ ohun tó ń wá.

Mo wọkọ̀ láti Àkúrẹ́. Mo gbé kọ̀ǹpútà mi dání, àti bọ́ọ̀dù kékeré kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́, tó máa ń pàṣẹ fún mọ́tò àti gílóòbù bí a bá ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi ti parí gbogbo iṣẹ́ yòókù. Ó ti ta aṣọ dúdú yí kíláàsì kan ká. Ó ti kan pósí tí mọ́tò wáípà ọkọ̀ ń ṣí ìdérí rẹ̀. Ó ti gbẹ́ òwìwí olójú pupa tó ń yí orí, ó sì ti ṣe ọwọ́ onírọ́bà kan tó ń nà jáde láti inú àgbá. Ó ku kí nǹkan kan máa sọ fún wọn ìgbà tí kálukú yóò ṣe tirẹ̀.

Mo fi máìkì kékeré sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Bí ọmọ bá débẹ̀ tó ké, máìkì á gbọ́, bọ́ọ̀dù á pàṣẹ.

"Fi swíìṣì sábẹ́ ẹní," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kí wọ́n máa fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Ẹsẹ̀ kì í parọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ayé ti kọjá swíìṣì abẹ́ ẹní."

"Mo gbọ́. Ṣé ó ti kọjá ariwo Oǹdó?"

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì fi gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé fún un, ohun tí mo máa ń ṣe nígbà náà bí n kò bá ní èsì.

Lọ́jọ́ eré, bátìrì ọ̀kadà ni a lò, nítorí kò sí iná láti ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ọmọ bíi mẹ́rin wọlé, wọ́n ké, pósí sì ṣí bí mo ṣe ní kó ṣí. Lẹ́yìn náà ni iná dé lójijì. Ẹ mọ ohun tí à ń ṣe bí iná bá dé. Gbogbo ọgbà, ọmọ, òbí, tíṣà, títí kan àlùfáà tó wá gbàdúrà, hó lẹ́ẹ̀kan náà: "Ééééé! Iná ti dé o!"

Ìbẹ̀rù nìkan ni mo rò nígbà tí mò ń kọ́ bọ́ọ̀dù lẹ́kọ̀ọ́. N kò ro ti ayọ̀. Òwìwí yí orí, pósí ṣí, ọwọ́ nà jáde, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ sì há sẹ́nu pósí. Bọ́ọ̀dù rú èéfín díẹ̀, ó sì kú. Òun nìkan ló kú tòótọ́ nínú ilé iwin náà.

Àwọn ọmọ ṣì tò lọ súà níta. Mo dojú kọ kọ̀ǹpútà, mò ń tẹ̀ ẹ́ kiri bí ẹni tó mọ ohun tó ń wá.

"Dìde ńbẹ̀, ará Àkúrẹ́," ni ẹ̀gbọ́n mi wí.

Ó mú agolo mílíìkì òfìfo kan níbi tí wọ́n ti ń po tíì, ó bó bébà ara rẹ̀. Ó gé rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ agolo náà níbì kan, ó fi ibòmíràn sílẹ̀ ní ìhòòhò. Ó fa wáyà bátìrì wọnú agolo, ó sì jẹ́ kí wáyà mọ́tò kọ̀ọ̀kan máa fi orí kan ara rẹ̀ níta. Ó wá ń fọwọ́ yí i. Níbi tí rọ́bà wà, iná kò kọjá. Bí ó bá kan ìhòòhò, òkú á dìde.

"Níbo lẹ ti kọ́ èyí?"

"Nígbà tí ìwọ ń kà á ní yunifásítì, èmi ń ṣe é nísọ̀. Lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ìwọ lo wọ bàtà tó ń dán."

Títí di ìrọ̀lẹ́ ló jókòó sẹ́yìn aṣọ dúdú, tó ń fetí sí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ kó tó yí agolo. Bí wọ́n bá ti ń ké ni mò ń gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, láti ìgbà tí èèyàn ṣì ń kún orí bẹ́ńṣì rẹ̀.

Mọ́mì wá bá mi lẹ́nu ọ̀nà. Ó wo kọ̀ǹpútà tí mo há sábíyá, ó wo bàtà mi.

"Ẹ kúuṣẹ́ o! Ẹ̀yin ni Ẹnjinníà tó ṣe gbogbo èyí, àbí? Ẹ̀gbọ́n yín kàn bá yín gbé pákó ni."

Aṣọ dúdú nìkan ló wà láàárín àwa àti ẹ̀gbọ́n mi. Mo gbọ́ tí agolo náà dúró.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo wí.

Ó fi iṣẹ́ náà lọ̀ mí, mo ní iṣẹ́ Àkúrẹ́ kò jẹ́ kí n ráyè. Ẹlòmíràn tó ní ìwé-ẹ̀rí ló di tíṣà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bi mí ní nǹkan kan lọ́jọ́ náà, kò sì tíì bi mí títí dòní. Bí ó bá bi mí, ohun tí mo fẹ́ sọ kò pọ̀: wọ́n pè mí ní Ẹnjinníà, mo sì jẹ́ ẹ.