Orúkọ Tó Wà Lábẹ́ Ìtàn

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, ní ọ̀sán Sátidé kan. Àwa mẹ́rin la wà nínú yàrá ìpàdé tó wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀: alága ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè wa, akọ̀wé, àǹtí kan tó ń kọ́ni ní kọ̀ǹpútà ní pólì, àti èmi.

Láptọ́ọ̀pù mi wà lórí tábìlì. Ọ̀rọ̀ ìkànnì ẹgbẹ́ la torí rẹ̀ jókòó, èmi ni mo sì ń bójú tó o. Ibẹ̀ la ń gbé ìròyìn àwọn ìlú wa sí: ìsìnkú, ìpàdé, ọ̀nà tó bàjẹ́, ìtàn abúlé. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ la fi ṣe é, irú èyí tí àwọn èèyàn káàkiri ayé jọ ń tún ṣe tí wọn kì í gba owó lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa tọ́jú rẹ̀. N kò tọ́jú rẹ̀ tó.

“Mo ní kí àna mi wá wo ìtàn Idogun, ìlú ìyá mi,” alága wí. “Ẹ mọ ohun tó jáde? Tẹ́tẹ́! Obìnrin oníhòòhò kan ló ń pè wá pé ká wá ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Díákónì ni àna mi o!”

“Ṣé wọn ò ta á, sà?” akọ̀wé bi í.

“Panu mọ́.”

Àǹtí yí ojú kọ̀ǹpútà sí wa. Ó ní ẹni tó gbé tẹ́tẹ́ náà síbẹ̀ kò já ilẹ̀kùn. Orúkọ ẹnìkan ló fi wọlé, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ ìwọlé tirẹ̀, ìyẹn pásíwọ́ọ̀dù. Orúkọ ìyàwó mi ni.

Ọdún mẹ́ta rè é tí ìyàwó mi ti kú. Òun ló dá ìkànnì náà sílẹ̀. Ilé ìwòsàn ló ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú fáìlì. Ọjọ́ tí kò bá lọ síbi iṣẹ́, màá fi ọ̀kadà mi gbé e lọ sí Arimogija, sí Upenmen, sí Idogun. Á máa bi àwọn ìyá àgbà léèrè ọ̀rọ̀, èmi á di fóònù mú kó lè gba ohùn wọn sílẹ̀. Bó bá délé, á jókòó kọ ọ́. Èmi kò mọ̀wé bíi tirẹ̀. Mo ti ń sún mọ́ ọgbọ̀n ọdún kí n tó jókòó nínú kíláàsì.

Nígbà tí àìsàn dè é mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ní kí n wá kọ́ ọ. “Ẹ tẹ ibí. Ẹ má bẹ̀rù, kò ní bù yín jẹ.” Orúkọ tirẹ̀ ni mo fi kọ́ ọ. N kò ṣí orúkọ ìwọlé tèmi. Lẹ́yìn tó kú, mò ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé ohunkóhun tí mo bá kọ, orúkọ rẹ̀ ló máa ń hàn lábẹ́ rẹ̀. Ìkéde ìsìnkú rẹ̀ gan-an, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ pé òun ló kọ ọ́. Ọkùnrin Arimogija kan tó ń gbé ní Ìbàdàn máa ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ ìròyìn pé, “Ẹ kú iṣẹ́, mà.” Èmi á dá a lóhùn pé, “Ẹ ṣé.”

Àǹtí ti sọ fún mi lọ́dún tó kọjá pé kí n yí ọ̀rọ̀ ìwọlé náà padà. Mo ní mo ti yí i. N kò yí i. Orúkọ tí ìyàwó mi máa ń pè mí nínú ilé ni, pẹ̀lú ọdún tí a ṣègbéyàwó.

“Pa orúkọ yẹn rẹ́,” alága sọ fún mi. “Nísinsìnyí, níṣojú wa.”

“Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn, sà?”

“Ó wà,” àǹtí dáhùn. “Ẹ lè jẹ́ kí orúkọ wọn ṣì wà níbẹ̀, ká kàn gba agbára ìwọlé kúrò—”

“Rárá o, olùkọ́. Àna mi á tún yẹ̀ ẹ́ wò, n kò fẹ́ kí orúkọ tó mú tẹ́tẹ́ wọlé ṣì wà níbẹ̀.” Alága kọjú sí mi. “Àbúrò, o ṣáà ní o ti yí ọ̀rọ̀ yẹn padà lọ́dún tó kọjá?”

Gbogbo wọn ń wò mí.

“Mo yí i, sà.”

Lẹ́yìn irọ́ yẹn, kò sí ibi tí mo lè yà sí mọ́. Bí mo bá ní kí orúkọ náà wà, wọ́n á bi mí ní ìdí, irọ́ náà á sì tú. Mo ṣí orúkọ ìwọlé tèmi. Mo wá tẹ ibi tí wọ́n ti ń pa ti ìyàwó mi rẹ́.

Kọ̀ǹpútà kò kàn pa á rẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó kọ́kọ́ bi mí pé kí ni kí òun ṣe sí gbogbo ohun tí ẹni yìí kọ. Ọ̀nà méjì ló là sílẹ̀: kí òun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, tàbí kí òun gbé e fún ẹlòmíràn. Ọwọ́ mi dúró.

“Ẹ má mú ti òkè o, sà! Gbogbo ìtàn á lọ,” àǹtí kígbe.

Mo mú ti ìsàlẹ̀. Orúkọ mi nìkan ló wà níbẹ̀ tí mo lè yàn. Kí n tó mí lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí.

Akọ̀wé fa láptọ́ọ̀pù náà sọ́dọ̀. “Ẹ gbọ́ o! ‘Bí a ṣe ń wẹ ọmọ tuntun ní Upenmen.’ Ta ló kọ ọ́? Bàbá yìí!”

“Èyí tí kò wẹ ajá rí!” Alága rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú.

“Ẹ tún wo ìsàlẹ̀: ‘Ohun tí aboyún kì í jẹ ní Arimogija.’ Ọkọ ti jogún ìyàwó lónìí!”

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Àǹtí kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́dọ̀ wa, ohun tí obìnrin bá fi sílẹ̀, ti àwọn ọmọ rẹ̀ àti àwọn ará ilé bàbá rẹ̀ ni. Ọkọ kì í mú nínú rẹ̀. Ọjọ́ tí àwọn àbúrò rẹ̀ wá pín aṣọ rẹ̀, ìta ni mo wà. Wọ́n ní kí n mú gèlè kan fi ṣe ìrántí, mo ní rárá. Abẹ́rẹ́ pàápàá, n kò mú. Mo wá jókòó ní yàrá ìpàdé, gbogbo ohun tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ti di tèmi, wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó ń kí mi kú oríire.

Mo ká láptọ́ọ̀pù mi, mo lọ sílé.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò lọ sí ìsìn àkọ́kọ́. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì oúnjẹ, mo ṣí ìkéde ìsìnkú rẹ̀. Orúkọ mi ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí èmi ni mo kọ ọ́. Mo wá ṣí ìtàn Arimogija, èyí tó kọ́kọ́ kọ. Orúkọ mi kò ṣeé yọ lábẹ́ rẹ̀. Mo lọ sókè pátápátá, ṣáájú gbólóhùn àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ pé ìyàwó mi ló kọ ìtàn yìí. Mo kọ orúkọ rẹ̀, mo kọ orúkọ bàbá rẹ̀, mo fi àmì ohùn sí gbogbo rẹ̀ bó ṣe kọ́ mi. Mo wo bó ṣe rí. Mo ṣí ti Upenmen. Nígbà tí agogo ìsìn kejì dún, orí ìtàn karùn-ún ni mo wà.