Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta, Ẹnu Kan

Má-tíì-gbà ni àwọn akọ̀wé kóòtù ń pe obìnrin agbẹjọ́rò yìí lẹ́yìn, kò sì bí i nínú. Télọ̀ ni ìyá tó bí i. Òun ló kọ́kọ́ kọ́ ọ pé aṣọ tó bá ń dán jù, inú rẹ̀ ni kéèyàn yí wò. Nígbà tó parí ẹ̀kọ́ òfin, ọ̀dọ̀ àgbà agbẹjọ́rò kan ló ti kọ́ṣẹ́. Ọ̀gá náà mú un bí ọmọ. Àìmọye ẹjọ́ ni wọ́n jọ rò tí wọ́n sì jàre, kó tó lọ dá ọ́fíìsì tirẹ̀ sílẹ̀.

Ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ kí opó kan tó wá bá a. Àbúrò ọkọ opó yìí fẹ́ gba ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Ó ní olóògbé fẹnu ara rẹ̀ fi ilé náà ta òun lọ́rẹ lórí ibùsùn àìsàn. Ọ̀gá àtijọ́ yẹn gan-an ló gba ẹjọ́ àbúrò ọkọ náà rò.

Káfíńtà kan ló kọ́kọ́ jẹ́rìí fún àbúrò ọkọ náà. Ó ní òun wà níbẹ̀ nígbà tí olóògbé sọ ọ́, pé ojú rẹ̀ dá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì lábùlà. Agbẹjọ́rò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Àmọ́ nígbà tí aládùúgbò tó tẹ̀ lé e náà ní ojú rẹ̀ dá, ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò sì lábùlà, ara bẹ̀rẹ̀ sí í fu ú. Níbo lòun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí rí? Ó wo ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá ń nu awò ojú tí kò dọ̀tí.

Onígbàjámọ̀ olóògbé ló ṣìkẹta. Òun náà sọ ọ́ wọ́rọ́wọ́, láìyẹ ẹyọ kan.

“Ẹ dákun, ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹnu tiyín sọ ọ́ fún wa,” ni agbẹjọ́rò wí.

Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú tó dá. Agbẹjọ́rò tún bẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ náà ló tún gbà. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Agbẹjọ́rò kò rín. Ó tẹjú mọ́ ọn títí òógùn fi bo onígbàjámọ̀.

“Mi ò sí níbẹ̀,” ló wí níkẹyìn. “Wọ́n ní bí mo ṣe máa sọ ọ́ nìyẹn.”

Adájọ́ bi í pé ta ló ní bẹ́ẹ̀. Ó nawọ́ sí ọ̀gá.

Ilé kù sọ́wọ́ opó. Wọ́n gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ agbẹjọ́rò lọ́wọ́ ọ̀gá. Gbogbo èèyàn ń kí agbẹjọ́rò kú oríire, ṣùgbọ́n kò dúró bá wọn yọ̀. Ó ti rántí ibi tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà: lẹ́nu àwọn ẹlẹ́rìí tiwọn ni, nígbà tóun àti ọ̀gá jọ ń jàre. Ó lọ bá a nílé, ó sì bi í bóyá ó kọ́ àwọn yẹn náà lọ́rọ̀.

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín músẹ́. “Ọmọ mi, ṣebí ìwọ lò ń bi wọ́n ní ìbéèrè nígbà náà. Ṣé o ò fura ni?”

Ó dìde, ó sì lọ sílé. Láti ìgbà náà, bí ọkọ àti ọmọ rẹ̀ bá jọ ń ro ẹjọ́ kan náà fún un, á ní kí ọ̀kan kọ́kọ́ jáde síta ná, kóun lè gbọ́ tẹnì kejì lọ́tọ̀.