Ìròyìn Ojú Ìwé Kọkàndínlógún

Ọjọ́ tí mo ta ìwé ìròyìn jù lọ láti ìgbà tí mo ti ń tà á, n kò ka ìlà kan nínú ohun tí mo tà. Kí aago mẹ́jọ àárọ̀ tó lù, gbogbo rẹ̀ ti tán lọ́wọ́ mi. Mo padà sídìí tábìlì mi ní Kétu, mo jókòó, inú mi ń dùn bí ẹni tó ṣe ohun gidi.

Bí Alàgbà Múfútàù, ọ̀gá mi, ṣe kọ́ mi níṣẹ́ náà nìyẹn. Ọjọ́ kìíní tí mo dé ọ̀dọ̀ wọn, mo ṣí ìwé ìròyìn kan, mo fẹ́ mọ ohun tó wà níbẹ̀. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n tún un ká. Wọ́n ní, "Iwájú la fi ń tà á. Ẹni tó bá ń ka inú, oníbàárà ni, kì í ṣe oníṣẹ́." Wọ́n ní kí n wo àkọlé ńlá tó wà níwájú, kí n yọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré níbẹ̀, kí n fi ohùn gbé e. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ti pọ̀ jù fún ẹni tó ń sáré lọ síbi iṣẹ́. Ó lé ní ogún ọdún tí mo fi pa òfin yẹn mọ́, òfin náà sì bọ́ mi. Nígbà tí fóònù wá ń gba oníbàárà lọ́wọ́ wa, mo ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn kékeré kan, irú èyí tí àwọn olóògùn eku fi ń polówó, mo ń gbé ọjà wọ àdúgbò lọ bá àwọn èèyàn nílé.

Àwọn tó ń dúró sídìí tábìlì mi kì í sábà rà. Akàwé-ọ̀fẹ́ là ń pè wọ́n. Wọ́n á ka àkọlé tán, wọ́n á wá bẹ̀rẹ̀ àríyànjiyàn. Daddy Kúnlé, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ni alága. Síkírù tó ń lẹ táyà ní òdìkejì títì ni lọ́yà, nítorí pé ohun tí gbogbo èèyàn bá ti gbà, òun kì í gbà á.

Nígbà tí ẹjọ́ ọlọ́dẹ Mende dé, ilé ẹjọ́ tiwa náà bẹ̀rẹ̀ ìjókòó. Wọ́n bá ìyá olówó kan lókùú ní ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ní Mende. Làmídì ará Ìṣẹ́yìn, tó ń ṣọ́ géètì, nìkan ló wà nínú ọgbà lọ́jọ́ náà, àwọn ọlọ́pàá sì mú un. Kò pẹ́ tí gbogbo ìlú fi mọ ẹjọ́ náà ju adájọ́ lọ. Àwọn kan ní kí wọ́n yẹgi fún un. Àwọn kan ní bó bá jẹ́ ọmọ ilé náà ni, ta ni yóò tì í mọ́lé? Ní ìdí tábìlì mi, a ti dá a lẹ́bi lẹ́ẹ̀mẹta kí ilé ẹjọ́ gidi tó jókòó lẹ́ẹ̀kan. Bí òjò bá ṣú, Daddy Kúnlé á sún ẹjọ́ síwájú.

Àárọ̀ ọjọ́ tí mo ń sọ yìí, àkọlé iwájú gùn. Mo yọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta mi níbẹ̀: "Ọlọ́dẹ Mende jẹ́wọ́." Mo gbé e wọ Ìkòsí, láti òpópónà kan dé òmíràn. Àwọn èèyàn ń jáde wá rà á pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Mo pẹ́ díẹ̀ ní òpópónà kan, nítorí pé wọ́n ń rà á níbẹ̀ ju ibòmíràn lọ. N kò béèrè ohun tó fà á.

Lọ́jọ́ kejì, obìnrin kan wá bá wa, ó fi téèpù ìránṣọ kọ́ ọrùn. Ó kúnlẹ̀ kí Daddy Kúnlé, ó kí èmi náà. Ó na ìwé ìròyìn àná sí mi, ọ̀kan nínú èyí tí mo tà, tí ó ti ká sí mẹ́rin.

Ó ní, "Uncle, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ka inú rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ni."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo ṣí i nìyẹn. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn ọlọ́pàá sọ fún ilé ẹjọ́ pé Làmídì jẹ́wọ́. Àwọn ló kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún un ní Gẹ̀ẹ́sì, ó sì tẹ̀ka sí i. Lọ́yà rẹ̀ ní wọ́n lù ú kó tó tẹ̀ ẹ́. Adájọ́ kò tíì sọ èyí tí òun gbà. Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún obìnrin náà, Daddy Kúnlé sì ń bá mi tún ìtumọ̀ ṣe gẹ́gẹ́ bíi tíṣà.

Ó gbọ́ ọ tán. Ó ní, "Ọkọ mi ni. Gbogbo Gẹ̀ẹ́sì tó gbọ́ kò ju 'yes, sir' lọ."

Síkírù rántí pé òun fi táyà kan sílẹ̀. Daddy Kúnlé yọ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún nù ún.

Ìyá Àmínà ni orúkọ rẹ̀, ìránṣọ ni iṣẹ́ rẹ̀. Òpópónà tí ọjà mi ti tà jù ni wọ́n ń gbé. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àwọn oníbàárà ti wá kó aṣọ wọn lọ láìtíì gé e. Alájì tó ni ilé ní kí wọ́n wá ibòmíràn lọ, òun kò lè gba apààyàn sílé. Ìyá Àmínà bẹ̀ wọ́n títí, Alájì fi gbà pé kí wọ́n dúró de ìdájọ́.

A dúró tó bí ọdún mẹ́ta. Ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tí ìròyìn ẹjọ́ bá jáde, Ìyá Àmínà á wá, èmi á ka inú fún un. Ó ti mọ́ mi lára láti máa ka inú kí n tó pariwo. Ọjà mi kò tà tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Níkẹyìn, dókítà jẹ́rìí pé ẹ̀jẹ̀ ríru ló gbé ìyá náà ṣubú. Adájọ́ ní òun kò gba ìwé tí wọ́n ní Làmídì tẹ̀ka sí, pé Làmídì kò jẹ̀bi, kó máa lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, àwọn olóṣèlú ló gba gbogbo iwájú ìwé ìròyìn. Mo ń ṣí i lọ títí mo fi dé ojú ìwé kọkàndínlógún. Ìlà mẹ́fà, láàárín àwọn tó ń kéde pé àwọn ti yí orúkọ padà. Síkírù ní ó yẹ kí Làmídì náà bá wọn tò síbẹ̀.

Daddy Kúnlé ní ohun tí àwọn ti ń sọ látilẹ̀ nìyẹn.

Síkírù ní, "Daddy, ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ yẹgi fún un."

"Ilé ẹjọ́ kékeré nìyẹn. A ti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn."

Ibẹ̀ la wà tí Ìyá Àmínà dé. Kò wá gbọ́ ìròyìn, òun náà ti wà ní ilé ẹjọ́ lánàá. Ó ní Làmídì ti sùn sílé, ṣùgbọ́n Alájì ní kí wọ́n kó jáde ní Sátidé. Alájì ní òun kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìdájọ́. Igbe lòun gbọ́ lẹ́nu ọ̀nà òun, òun kò sì tíì gbọ́ igbe mìíràn.

Ó wojú mi. "Uncle, ẹ̀yin lẹ gbé e wá síbẹ̀. Ẹ wá gbé e kúrò."

Ó wà lọ́kàn mi láti sọ fún un pé a kì í kígbe ojú ìwé kọkàndínlógún lẹ́nu iṣẹ́ wa. Àwọn àgbà ní ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Wọn kò sọ ẹni tí yóò gbá ilẹ̀ náà. Mo gbé ẹ̀rọ mi, mo tẹ̀ lé e.

Mo kígbe nígbà tí mo dé ibẹ̀: "Ọlọ́dẹ Mende kò jẹ̀bi." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ni. Ó fi ọ̀kan ju ti òfin ọ̀gá mi lọ.

Àwọn èèyàn jáde, wọ́n wo iwájú, wọ́n rí olóṣèlú. Ọkùnrin kan ní oníjìbìtì ni mí. Mo ń ṣí ojú ìwé kọkàndínlógún han ẹnì kọ̀ọ̀kan. Alájì jáde nínú jalamíà, wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ka ìlà mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lórí ìdúró, wọ́n tún yí i padà wò bóyá ó kù lẹ́yìn.

Wọ́n ní, "Gbogbo rẹ̀ nìyí?"

"Òun ni, sà."

"Ti ìjọ́sí gba gbogbo iwájú."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Wọ́n ki ìwé náà bọ abíyá. Wọ́n yíjú sí Ìyá Àmínà, wọ́n ní, "Ẹ tú ẹrù yín," wọ́n sì wọlé.

Mo rò pé iṣẹ́ parí. Mo ti ń kó ọjà mi jọ. Làmídì jókòó sórí àpótí lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó ti rù, kò wo ẹnikẹ́ni. Ní ìparí òpópónà lọ́hùn-ún, àwọn kan ṣì dúró tí wọn kò tíì mọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá Àmínà ní, "Uncle, ti ìjọ́sí ròkè ju báyìí lọ."

Mo yí bọ́tìnnì ẹ̀rọ náà, ó ti dé òpin, kò lè ròkè jù bẹ́ẹ̀ mọ́. Mo gbé e kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Làmídì, mo rìn padà síbi tí òpópónà ti bẹ̀rẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì ká ẹnu, mo tún bẹ̀rẹ̀ igbe náà.